Mọ́tò Rẹ Kò Pariwo Rárá

Ilé Adépọ̀jù,
Ìkirè.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àbẹ̀ní ọmọ mi, Adéfúnkẹ́ tí mo fi ẹnu ara mi sọ lórúkọ,

Bí ìwé yìí bá bá ọ ní ìdúró, jókòó. Bí ó bá bá ọ ní ìjókòó, rọra bu omi mu. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ẹni tí ń gbé òkè yín àti ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀ yín nínú ilé alájà yẹn, nítorí ẹni tó bá fi orí ẹlòmíràn ṣe ilẹ̀ ilé, ó yẹ kó máa kí i. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí oòrùn Èkó pa yín kò ní jẹ́ kí òjò rẹ̀ gbé yín. Ẹ ó máa jáde ire, ẹ ó máa wọlé ire, ojú yín kò ní rí ohun tí ẹnu yín kò ní lè ròyìn. Àmín. Mo ti bá ọ ṣe àmín náà, nítorí mo mọ̀ pé o ti ń fò kọjá àdúrà kí o lè tètè dé ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ wà.

Rọra. Ìyá rẹ wà, ó ń jẹun, ó ń bú mi, ara rẹ̀ le. Ohun tí o fẹ́ mọ̀ ni bóyá a dé Àpòmù ní Ọjọ́bọ̀ tí àwọn dókítà ojú wá, bóyá wọ́n rí i ṣe, àti bóyá ojú náà là. Mo mọ̀ pé o ti pe fóònù mi títí ọwọ́ fi ro ọ́. Kò lè dún. Mọ́tò rẹ ti gùn ún mọ́lẹ̀, nọ́ńbà rẹ sì bá a lọ, torí orí mi kò gba nọ́ńbà mọ́, orúkọ èèyàn nìkan ló ń gbà. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò, tí mo sì bẹ Tíṣà Olúkẹ́mi, aládùúgbò wa tó mọ ilé rẹ, pé bí ó bá ń bọ̀ ní Èkó lọ́la kó fi lé ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní tètè sọ ọ̀rọ̀ ojú náà. Lórí fóònù, bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu báyìí, wàá ní, Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo wà nínú mítìnì. Lónìí, kò sí mítìnì. Ìwé kì í já lójú ọ̀nà. Wàá kà á tán ni.

Mọ́tò ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ló gbé wa lọ, tàbí àwa la gbé e lọ, ìwọ náà á dá ẹjọ́ yẹn tó bá yá. Nígbà tí o fi í ránṣẹ́ lẹ́yìn Àjíǹde, pé kí n máa fi gbé ìyá rẹ kó má gun ọ̀kadà mọ́ láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbé e ṣubú, mo dúpẹ́, mo sì gbàdúrà fún ọ, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún ọ pé ẹ̀rín ń pa mí. Mọ́tò náà kéré. Mo rò pé ó ṣì ń bọ̀ wá dàgbà ni. O mọ̀ pé nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mọ́tò akẹ́rù tó ń kó kòkó ni mo wà, èyí tó jẹ́ pé bí ó bá dún ní Ìkirè-Ilé, ẹni tó wà ní Àpòmù á ti máa palẹ̀ ẹrù mọ́. Tìrẹ yìí, bí ó bá jí, àfi kí n gbé etí lé e láyà kí n tó mọ̀ pé ó ń mí. Ẹsẹ̀ méjì péré ló sì wà fún ẹni tó ń wà á, ọ̀kan fún ìrìn, ọ̀kan fún ìdúró. Mo wá kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ kẹta tí a fi ń yí jíà, títí, mo wá a dé abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kò sí. Mo ní kò burú, ọmọ tuntun ni, kílọ́ọ̀ṣì á hù tó bá yá.

Bí ọmọ tuntun náà ni mo ṣe tọ́jú rẹ̀. Mi ò gbé e jáde títí ọjọ́ kẹjọ fi pé. Àlùfáà ìjọ wa wá gbàdúrà lé e lórí. Ògúnsànmí ọ̀rẹ́ mi, tó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe, tí gbogbo ìdílé wọn ń bọ Ògún, ní irin kì í jẹ àdúrà kan ṣoṣo, ló bá ta epo pupa díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà rí i, àlùfáà náà sì ń wo òkè nígbà yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo máa ń tan àtùpà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí a kì í jẹ́ kí ọmọ tuntun sùn nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ la ṣe fún ìwọ náà. Má pariwo. Mo gbé àtùpà náà jìnnà sí ibi tó ti ń mu bẹntiróòlù.

Gbogbo ohun tí o kọ́ mi pátá ni mo ń ṣe ní àárọ̀ Sátidé. Mo ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ń fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn yọ, mo ń nù ún, mo ń tì í wọlé padà, mo tún ń fà á yọ láti wò ó bóyá ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì. Ìyá rẹ ní ṣe ni mò ń tọ́ ọbẹ̀ ẹ́ńjìnnì wò, pé bí n bá ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ tòun náà lójú iná bẹ́ẹ̀, òun ì bá ti lé mi jáde. Omi aláwọ̀ ewé tí o rà fún rédíétọ̀, mo rò pé àgbo ibà lo fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti gbé ife, ọpẹ́lọpẹ́ Ògúnsànmí tó já a gbà lọ́wọ́ mi tó ní májèlé ni, ìwọ ì bá ti máa wá posí. O ní kí n má ṣí ìdérí rẹ̀ bí ó bá gbóná. Mi ò jẹ́ ṣí i. Ta ní ń la ẹnu ẹni tí inú ń bí? Ní ti táyà, àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ wò, bí ìyá rẹ ṣe ń tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wò. Èyí tó bá ti rọ̀ tó ohun tí a lè fi dín dòdò, fọ́kánáísà ló kàn.

Àwọn àwòrán tó ń tàn níwájú awakọ̀ ńkọ́? Mo kọ́ wọn fúnra mi. Àkọ́kọ́ dà bíi bùúta tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, háà, Mùsùlùmí ni mọ́tò yìí, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ìgbà tó yá ni mo rí èkejì, àpótí kékeré kan tó ní àmì àgbélébùú lára. Ọkàn mi balẹ̀. Mo pe ìyá rẹ, mo ní Salome, ọmọ rẹ kò ra mọ́tò lásán o, onígbàgbọ́ ló rà. Ó tún máa ń sunkún bí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kò bá tíì de bẹ́líìtì. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ wo ni kì í sunkún tí a kò bá tíì so ọ̀já rẹ̀?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ojú. O mọ bí ó ṣe rí nígbà tí o wá kẹ́yìn, ó ti burú ju ti ìgbà yẹn lọ. Èéfín dòdò tí ìyá rẹ ń dín létí títì, tó fi tọ́ gbogbo yín, ni mo máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n dókítà ní àgbà ló dé, pé awọ funfun ló bo ẹyinjú. Ó ti ń kí ewúrẹ́ Ògúnsànmí pé ẹ káàárọ̀. Ó ti ń fọwọ́ wá etí abọ́ kó tó bu ọbẹ̀. Ìwọ lo bá wa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá dé kí oòrùn tó kan àtàrí, kó dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwọ kò mọ̀. Ẹ̀rù abẹ ń ba ìyá rẹ. Ó ń wá ohun tí yóò dá a dúró. Ní àṣálẹ́ Ọjọ́rú, ó sọ fún mi pé bí ohunkóhun bá dí wa lọ́nà, ì báà ṣe pé òkúta kọ òun lẹ́sẹ̀, òun á mọ̀ pé Ọlọ́run kò fọwọ́ sí i, òun á padà sílé, kí n má sì bá òun jiyàn. Mo ní mo gbọ́.

Àṣálẹ́ yẹn náà ni kẹrosíìnì tán nínú àtùpà mi. Mo wo ọmọ tuntun wa, mo ro ti ìrìn tó máa rìn lọ́la, mo ní kò ní sùn lókùnkùn. Ó ní iná kékeré kan lókè àjà rẹ̀ nínú. Mo tàn án fún un, mo ní ó dàárọ̀ o.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ ti wọ léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run tó fi ṣe ìgbéyàwó rẹ, ó ti jókòó sẹ́yìn mọ́tò, ó ti de bẹ́líìtì, ó gbé Bíbélì sí itan. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ní kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, ó dákẹ́. Àwọn àwòrán yẹn kàn ń ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Mo tún yí i. Kẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo wo ọ̀pá ọ́ìlì, ó dára. Mo wo omi, ó kún. Mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo gbé fóònù lé e lórí, mo tẹ táyà, ó le. Àbẹ̀ní, mo ti ṣe gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe, mọ́tò sì kọ̀. Ìyá rẹ bèèrè láti ẹ̀yìn pé kí ló dé. Bí mo bá sọ òótọ́, ojú rẹ̀ lọ nìyẹn. Bí mo bá ní kó bọ́ sínú mọ́tò ẹlòmíràn, á ní àmì náà nìyẹn. Mo bá ní kò sí ohun tó dé, Ìyá Fúnkẹ́, a ti ń lọ ni, mọ́tò òde òní kì í pariwo.

Mo fi ọwọ́ pe Ògúnsànmí tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ lódìkejì. Mo fi ìka lé ètè, mo sì fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń ti nǹkan. Ó yé e kíákíá, nítorí mọ́tò tí èmi àti òun mọ̀, bí a bá ti tì í díẹ̀, ó máa ń jí. Ó pe àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta, òun náà fi ìka lé ètè. Mo fi jíà sí àárín, mo di ọwọ́ mọ́tò mú, ó le bí apá alágídí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Bí ẹni ń gbé òkú ọba. Mo ní bí a bá ti dé ibi ọlọ́gẹ̀dẹ̀, á jí. A dé ibi ọlọ́gẹ̀dẹ̀, kò jí. Mo ní bí a bá ti já sí títì tó lọ sí Àpòmù, á jí. Kò jí. Bí ó bá rẹ àwọn kan, àwọn mìíràn á gbà á, torí ẹni tó bá rí èèyàn mẹ́fà tí wọ́n ń ti mọ́tò láìsọ̀rọ̀, á fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí.

Ìyá rẹ ní mọ́tò yìí kò pariwo rárá o. Mo ní mo sọ fún ọ. Ó ní kí ló dé tó ń rọra rìn tó báyìí. Mo ní ìwọ lo kìlọ̀ fún mi kí n má sáré. Àwọn tó ń ta ọjà létí títì ń kí wa pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà o. Ìyá rẹ bi mí pé iṣẹ́ wo. Mo ní iṣẹ́ ìwakọ̀ ni, pé wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún awakọ̀ àgbà lójú ọ̀nà yìí. Nígbà tí a dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mọ́tò sáré fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fi gbogbo àwọn tó ń tì í sílẹ̀, Ògúnsànmí ń sáré tẹ̀lé wa pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, níbẹ̀ ni fóònù mi ti yọ̀ bọ́ láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, táyà sì kọjá lórí rẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tó fọ́. Mi ò lè ké. Ìyá rẹ ní kí lèyí. Mo ní ìgbín ni.

Ẹnu ìwọlé Àpòmù ni Ṣàmsúdéènì, rìwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ti jáde síta láti inú ìsọ̀ rẹ̀, tó ka ọwọ́ lérí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rọra ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Bàbá, bí ẹ bá tì í dé Ìfẹ̀, kò ní jí, mọ́tò tí kò bá ní kílọ́ọ̀ṣì, títì kì í jí i. Ó wo inú rẹ̀, ó rí iná àjà, ó bèèrè ẹni tó tàn án sùn. Mo ní èmi ni, kó má baà sùn lókùnkùn. Ó tún jókòó sílẹ̀. Ó ní iná yẹn ló mu gbogbo agbára bátìrì tán, pé àpótí tó ní àgbélébùú tí mo ń yọ̀ mọ́, àwòrán bátìrì ni. Ó fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìyẹ̀fun funfun tó hù sí ẹnu bátìrì náà, ó fi wáyà méjì fa iná láti ara mọ́tò mìíràn sí i, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí! Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fìlà.

Ni ìyá rẹ bá sọ láti ẹ̀yìn pé, Bàbá Fúnkẹ́, mọ́tò yín ti bàjẹ́ o, ó ti ń pariwo.

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú ló ń dun òun, kò sí ohun tó ṣe etí òun, pé òun ti gbọ́ bí Ògúnsànmí ṣe ń mí hẹlẹ-hẹlẹ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ní ká padà, nígbà tó ti rí ìdíwọ́ tó ń wá. Ó ní òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní ibi ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n òun gbọ́ tí èmi ń sọ fún ara mi níwájú níbẹ̀ pé á jí, á jí, òun sì ní bí ọkọ òun bá lè mú kí gbogbo ìlú ti òun lọ bá ìmọ́lẹ̀, àmì wo lòun tún ń wá. Ó ní kí n máa wà á lọ, oòrùn ń gòkè.

Oòrùn kò tíì kan àtàrí nígbà tí a wọlé ọsibítù náà. Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún. Wọ́n fi báńdéèjì dì í, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ kejì, èmi náà ló gbé e lọ, mọ́tò sì jí fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tú u. Ìyá rẹ ṣẹ́jú, ó wo òrùlé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ó wá wò mí. Ó wá bi nọ́ọ̀sì pé bàbá arúgbó wo lẹ gbé dúró sí iwájú òun yìí, pé ọkùnrin tó gbé òun wá kò darúgbó tó báyìí. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Èmi ń wá áńkáṣíìfù, nítorí eruku wọ̀ mí lójú nínú ọsibítù náà, ojú méjèèjì pa pọ̀. Ó là, Àbẹ̀ní. Ojú ìyá rẹ là. O lè dúró sunkún níbí kí o tó kà á síwájú.

Láti ìgbà yẹn kò sí àlàáfíà nínú ilé yìí mọ́. Ó ti rí aláǹtakùn tó wà lókè àjà. Ó rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì tí mo ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì kò ní bọ́tìnì méjì. Ó rí i pé ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ mi máa ń tóbi ju tirẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, Ṣàmsúdéènì ní bátìrì náà ti gbó, pé bí òtútù bá mú un, á tún kọ̀. Nítorí náà fi owó bátìrì tuntun ránṣẹ́, àti ti fóònù, kékeré tó ń dún náà ti tó, mi ò fẹ́ èyí tí a ń fi ìka nù lójú. Fi díẹ̀ lé e fún àwọn tó tì wá, kí n lè fún wọn ní oúnjẹ kan, torí Ògúnsànmí kò tíì rí bàtà rẹ̀ kejì. Mo ti gba ẹ̀kọ́ mi o. Mi ò tan iná sùn fún mọ́tò mọ́. Mo ń jí i lójoojúmọ́, mo ń jẹ́ kó rìn díẹ̀ kó má baà gbàgbé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni mo fi jókòó kọ̀wé. Lánàá, ìyá rẹ gbé fọ́tò rẹ sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó wò ó títí. Mo ní, ṣé o ti wá rí ọmọ rẹ báyìí. Ó gbé fọ́tò náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní kì í ṣe nítorí fọ́tò lòun ṣe gba abẹ.

Nítorí náà, máa bọ̀. Bí mítìnì bá wà, sọ fún wọn pé bàbá rẹ ní kí wọ́n gé e. Ọlọ́run á là ọ́ lójú sí oore, á là ọ́ lójú sí ọ̀tá, á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà tì ọ́ dé ibi ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí agbára rẹ bá tán. Ìwọ àti ọkọ rẹ kò ní ṣi ọ̀nà ara yín. Bí o bá sì ń bọ̀, má kun ojú, má lẹ ìpéǹpéjú tó gùn bí ìyẹ́ adìyẹ, má sì wọ díńgí dúdú. Ojú tó bí ni kí o gbé wá fún un.

Èmi tí mo kọ́ ọ ní ìrìn kí o tó rà mí ní mọ́tò,
Bàbá rẹ, Adépọ̀jù.